Katakata Tó Gbé Dympna Gòkè Corradoon

Ẹni tó bá sọ fún yín pé onísùúrù ni Malachy Gilrane, ẹ bi í bóyá ó ti bá a lábẹ́ katakata rí. Ní gbangba, ọmọlúàbí ni. Ó wa ọkọ̀ wàrà káàkiri àwọn òkè Leitrim ní ilẹ̀ Ireland títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lójú títì. Àmọ́ ẹ fún un ní sípánà kan àti bóòtù tó ti dípẹtà, kí ẹ wá gbọ́ èdè. Àwọn adìyẹ tó ń sùn nínú àká rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Bó bá ti ń ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè báyìí, wọ́n á máa bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó rántí pé òun gbé nǹkan kaná.

Bàbá rẹ̀ ló ni katakata náà. Kékeré ni, aláwọ̀ eérú, irú èyí tó lé ẹṣin kúrò lóko nígbà tí Malachy wà lọ́mọdé. Apá irin méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé nǹkan sókè. Ohun ìtúlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ní Corradoon, àdúgbò wọn, àpótí irin ńlá kan ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn. Àgùntàn tí ara rẹ̀ kò yá, àgbá wàrà, àpò pòtétò, ìyá àgbà tó ń lọ sí Máàsì lọ́jọ́ òjò, inú àpótí yẹn ni gbogbo wọn ń wọ̀. Láti ìgbà tí Malachy ti fẹ̀yìn tì, adìyẹ ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Dympna, ìyàwó rẹ̀, wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera láti ìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti mú apá òsì rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni àrùn náà kò rí mú. Malachy ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yà á nírun, òun ló ń se pòtétò rẹ̀, Dympna ló sì ń sọ fún un pé kò jinná. Àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì wà ní Boston, wọ́n ń pè ní Sunday. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, inú wọn kò sì bàjẹ́ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ní ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù May, lẹ́yìn Máàsì, Fadá Eunan, àlùfáà ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, sọ pé bíṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ sí i. Bó bá di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù June, òun á gun òkè Corradoon lọ, òun á sì bù kún ilẹ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Àwọn tí ikọ́ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìwàásù, kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú wọn.

Gbogbo wọn mọ ibẹ̀, àmọ́ wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ọgbà kékeré ni lórí òkè, ògiri òkúta ga yí i ká, kò ní ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn ọmọ tó kú kí wọ́n tó rí omi ìrìbọmi, torí òfin ìgbà náà kò gbà wọ́n sí itẹ́ òkú ìjọ. Kò sí Máàsì, kò sí orúkọ, òkúta lásán kan lórí ilẹ̀, ó parí. Bàbá ọmọ ló máa ń gbé e lọ bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á fo ògiri, á gbẹ́lẹ̀, á sì padà wá fún wàrà màlúù rẹ̀. Àkọ́bí Malachy àti Dympna wà níbẹ̀, obìnrin ni. Katakata aláwọ̀ eérú yìí ló gbé e gòkè, nínú àpótí yìí kan náà, nígbà tí Dympna ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Nígbà tó dé ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé tíì fún un, ó ní kó má ronú sí i mọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ọdún tí ẹsẹ̀ Dympna le, àyà rẹ̀ kò le láti gun òkè yẹn. Nígbà tí àyà wá le, ẹsẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí wọ́n ti Máàsì dé ilé lọ́jọ́ Sunday náà, Dympna kò fọwọ́ kan tíì rẹ̀.

"Malachy."

"Mò ń gbọ́."

"Mo máa lọ."

"Lọ síbo?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo fẹ́ rí inú ibẹ̀. Ògiri kọ́ ni mo fẹ́ lọ wò o, inú ẹ̀ ni."

Malachy da tíì tó tutù náà nù, ó bu òmíràn. Bó ṣe ń bù ú ló ti ń ronú katakata.

Packie McGourty, aládùúgbò wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa. Packie kò fẹ́yàwó, kò sì sí ilé tí kì í ti mu tíì. Ó ní katakata tuntun kan tó tóbi ju ilé ìdáná rẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi gbé Dympna. Malachy bi í bóyá ó ti rí ọ̀nà òkè náà láìpẹ́. Ọ̀nà tóóró ni láàárín ebè méjì, taya kan katakata Packie nìkan á dí i pa.

"Kí èmi pẹ̀lú ẹ gbé e lọ́wọ́ nígbà náà," ni Packie wí.

Dympna gbọ́ ọ láti inú yàrá. "Packie, àgùntàn tó o gbé lọ́jọ́sí ńkọ́? Ṣebí inú kòtò lẹ jọ bára yín, ìwọ pẹ̀lú ẹ̀."

"Àgùntàn yẹn ń jàgídíjàgan ni."

"Èmi náà máa jàgídíjàgan."

Kò sẹ́ni tó dábàá pé kí wọ́n yọ òkúta díẹ̀ lára ògiri kí kẹ̀kẹ́ lè wọlé. Ní Leitrim, ènìyàn lè jí màlúù aládùúgbò rẹ̀ kó sì sùn fọnfọn, àmọ́ kò ní fọwọ́ kan òkúta irú ibẹ̀ yẹn. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi ẹ̀yìn katakata sún mọ́ ògiri, kí apá irin gbé Dympna sókè nínú àpótí, kó lè wo inú ọgbà láti òkè.

"Ohun tó gbé e lọ ni kó gbé èmi náà lọ," ni Dympna wí.

Ẹ wá wo ibi tí wàhálà wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, pọ́ọ̀ǹpù á máa ti ọ́ìlì sókè, ẹrù á dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ríìnì písítìn àti fáàfù nìkan ló kù tó ń di ọ́ìlì náà mú. Fadá Eunan sì lóhùn tín-ín-rín bíi ti ẹyẹ, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè gbọ́ àdúrà rẹ̀ bí katakata bá ń pariwo. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú, kí àpótí sì dúró sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìbùkún títí dé òpin.

Malachy lé adìyẹ jáde, ó di àpò pòtétò sínú àpótí títí ó fi wúwo tó Dympna àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó pa ẹ́ńjìnnì. Dympna jókòó sẹ́nu ọ̀nà àká, ó fa Rósárì rẹ̀ yọ. Òun ni aago. Bí ó bá lè ka ìdá márùn-ún Rósárì tán kí àpótí tó balẹ̀, á jẹ́ pé ó yẹ. Kò tíì dé àárín ìdá kìíní tí pòtétò fi gúnlẹ̀.

"Mi ò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹ̀ṣẹ̀ mi," ni Dympna wí.

Bí Malachy ṣe tú u nìyẹn. Packie fi ṣéènì kọ́ igi àjà, wọ́n yọ ìjókòó, wọ́n tú bóòtù yíká, wọ́n sì gbé ìdérí irin ńlá tí ohun agbérù wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn katakata. Ẹ̀gbin inú ibẹ̀ kò ṣeé sọ lójú oúnjẹ. Ríìnì písítìn ti kán. Àpá gígùn wà lára sílíńdà tó jẹ́ pé ọ́ìlì á gba ibẹ̀ yọ́ lọ bó ti wù kí ríìnì tuntun dára tó. Malachy wò ó, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní tún sọ.

"Mo ní ọ̀kan," ni Packie wí.

"Ọ̀kan kí ni?"

"Katakata bíi tìrẹ, ti bàbá mi. Ó wà nínú èsìsì lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti fẹ́ kó o dànù."

"Ọpẹ́lọpẹ́ ìmẹ́lẹ́ ẹ."

Wọ́n wọ inú èsìsì, ó jó wọn lára dáadáa, wọ́n sì yọ sílíńdà náà. Inú rẹ̀ ń dán bí abọ́ tuntun. Ríìnì tuntun wá láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Lójoojúmọ́ ni Malachy ń ti Dympna wá sínú àká, tí á tẹ́ aṣọ ìnura ògbólógbòó lé e nítan, tí á gbé bàsíà kẹrosíìnì ka orí aṣọ náà. Dympna ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo fọ gbogbo ohun tó bá jáde, fáàfù, sípíríǹgì, nọ́ọ̀tì, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì eyín kó ìdọ̀tí kúrò lára wọn. Ó ní láti ìgbà tí àìsàn ti dé, wọ́n ti ń wẹ òun ju bó ṣe yẹ lọ, ó tó àkókò tí òun náà á wẹ nǹkan. Malachy á gbójú sókè láti ibi tó ti ń lọ fáàfù, á rí i níbẹ̀ tí imú rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, inú rẹ̀ á sì dùn débi pé á gbàgbé láti ṣépè. Àwọn adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wọlé.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dá ìdérí padà, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Irin kan bíi fọ́ọ̀kì wà lábẹ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ ibi tirẹ̀ lára ohun tó ń darí fáàfù bí ìdérí bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fojú rí i. Ihò kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata, ibẹ̀ ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀. Ọwọ́ Malachy ti wú nítorí làkúrègbé, ti Packie sì dà bíi ṣọ́bìrì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, àwọn àgbàlagbà méjì yìí sì dúró, wọ́n ń wo ihò.

"Ẹ tì mí síbẹ̀," ni Dympna wí.

Orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò náà. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó tín-ín-rín bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Packie di ṣéènì mú, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀.

"Kí lọwọ́ ẹ kàn?" Malachy bi í.

"Nǹkan tútù."

"Gbogbo ẹ̀ ló tutù, Dympna."

"Èyí tutù, ó tún lẹ́nu méjì."

"Òun nìyẹn. Fà á síwájú. Rọra."

"Ó ti wọlé."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Malachy, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́, èmi ni mò ń bá ẹ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ti wọlé."

Ìdérí jókòó wọ̀ọ̀. Malachy rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ó sì wọlé lọ fọwọ́. Ọjọ́ Friday tó ṣáájú ìbùkún ni. Àṣé Concepta ń bọ̀.

Àbúrò Dympna ni Concepta, obìnrin rere, obìnrin àdúrà, tí kò lè rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kó má fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ní àwọn òkè wa, a máa ń wọ́n omi mímọ́ sí nǹkan gbogbo, sí màlúù, sí oko, sí mọ́tò tuntun, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni. Concepta mú ìgò omi mímọ́ tó rà ní Knock, ibi mímọ́ Ìyá Màríà, wá, èyí tí wọ́n ṣe bí Ìyá Màríà, tí orí rẹ̀ jẹ́ ìdérí. Ó bá ihò ọ́ìlì ní ṣíṣí. Ó wò ó pé wíwọ́n kò lè tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ó yọ orí Ìyá Màríà, ó sì da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Malachy jáde, ó fi ìdérí pa ihò náà dé, ó ta ẹ́ńjìnnì jí. Àpótí gòkè, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ṣí i wò. Ọ́ìlì ti funfun bíi tíì tí wọ́n da wàrà jù sí.

"Omi ti wọ inú ẹ̀," ni Malachy wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Níbo lomi ti wá?"

"Omi mímọ́ ni," Concepta fi í lọ́kàn balẹ̀.

"Èló lo dà sí i?"

"Gbogbo ẹ̀. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀, mo wọ́n ọn sára kẹ̀kẹ́ Dympna."

Ọ̀rọ̀ tí Malachy sọ lé adìyẹ jáde, ó lé Packie jáde, ó sì mú kí Concepta fi ọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Ìgbà náà ni Dympna bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Malachy kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà àìsàn, kò sì mọ̀ bóyá kí òun bínú nìṣó ni àbí kí òun dúpẹ́. Ó lọ jókòó síta lórí agolo. Gbogbo ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ fi òmíràn ṣan inú rẹ̀, kí wọ́n tó wá rọ òmíràn sí i, ẹni tó ń tà á nílùú sì ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ sí ìsinmi.

Ojú ti Concepta. Ó gbéra, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ó sì ń tọrọ ọ́ìlì.

Ní àárọ̀ Saturday, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Òmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì tó ku ìdajì, òmíràn gbé ìgò. Bàbá kan tó ti ta màlúù rẹ̀ gbogbo gbé agolo kan tó ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn rẹ̀ tipẹ́. Malachy rò pé wọ́n á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan sì ṣe é lóòótọ́, wọ́n bi í bóyá katakata ti lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé ọ́ìlì kalẹ̀, wọn kì í lọ. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́. "A ní ẹnì kan níbẹ̀." Obìnrin tó ti ń jókòó níwájú wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà ìgbéyàwó wọn sọ pé méjì ni tòun.

Packie ló sọ tirẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí òun àti Malachy nìkan kù. Ó ń nu nọ́ọ̀tì kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìbejì ni wá," ni Packie wí. "Èmi ni mo ké."

Malachy ti bá a ṣe aládùúgbò láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ṣòkòtò péńpé, kò sì gbọ́ ọ rí. Ó fi ọwọ́ ọlọ́ìlì rẹ̀ lé e léjìká, ó fi í síbẹ̀.

Ọ́ìlì tó funfun yẹn, wọn kò dà á nù. Ohun tí wọ́n bá ti bù kún, wọn kì í jù ú sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Packie ti gbẹ́ àgbélébùú igi kan fún òkè náà. Nígbà tí omi ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àgbá tí wọ́n dà á sí, wọ́n bu ọ́ìlì tó léfòó, wọ́n sì fi pa igi náà kí òjò má bàa jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n di pòtétò padà, wọ́n gbé e sókè, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Dympna kà. Ìdá kìíní tán, ìkejì tán, ìkẹta tán, àpótí kò mì. Ó ká Rósárì rẹ̀ sínú àpò.

"Ó ku méjì," ni Malachy wí.

"Mo mọ̀. Òkè ni mo ti máa kà á."

"A ò wá mọ̀ bóyá ó máa dúró tán."

"A máa mọ̀ lọ́la."

Ní ọjọ́ Sunday, oòrùn yọ, èyí tí kò yẹ kéèyàn fọkàn sí ní Leitrim. Wọ́n fi okùn di kẹ̀kẹ́ mọ́ inú àpótí, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé Dympna. Nítorí ẹ̀yìn wúwo, tí iwájú katakata sì fẹ́ gbéra nílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Packie gun orí ẹ́ńjìnnì, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kóòtù Sunday rẹ̀, ó gbá àgbélébùú mọ́ra. Bí wọ́n ṣe gba àárín ebè méjì gòkè nìyẹn, gbogbo àdúgbò ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé wọn. Dympna kọjú sí wọn láti inú àpótí, ó ń kí wọn bí ìyàwó gómìnà.

Lókè, Malachy fi ẹ̀yìn sún mọ́ ògiri. Ó fa irin ìdarí, Dympna gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kọjá òkúta tó wà lókè pátápátá. Malachy fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ara katakata dé ara apá irin, kó lè mọ̀ bí apá náà bá lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pa ẹ́ńjìnnì.

Fadá Eunan bẹ̀rẹ̀. Kò kánjú, kí Ọlọ́run ṣe é lóore. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní orúkọ àwọn tó ti dákẹ́, ó wọ́n omi mímọ́ kọjá ògiri, wíwọ́n lásán. Malachy kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ló ń wò. Ẹ̀rù ń bà á. Bí àpótí bá lọ sílẹ̀, ojú Dympna á bọ́ sí ara òkúta, ẹ́ńjìnnì á sì tún gbọ́dọ̀ pariwo lórí àdúrà. Ìlà náà kò kúrò lójú kan.

"Bí ẹ bá ní orúkọ kankan fún wọn," ni Fadá Eunan wí, "ẹ lè pè é báyìí."

Dympna ló kọ́kọ́ pe tirẹ̀ láti òkè, ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

"Sorcha."

Malachy kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Àṣé ọmọ wọn ti lórúkọ láti ọjọ́ yẹn wá. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ àyà. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiwọn, Packie sì pe ọ̀kan tó jọ tirẹ̀.

Nígbà tó parí, wọ́n mu tíì láti inú fúláàsì, wọ́n jẹ búrẹ́dì Concepta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Fadá Eunan wá bọ Malachy lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí gbogbo wọn sọ̀rọ̀." Malachy ní Concepta ni kó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí irin ìdarí.

"Má tíì sọ̀ mí kalẹ̀," ni Dympna wí.

Ó fa Rósárì rẹ̀ yọ. Malachy gun orí taya, ó fara ti àpótí, àwọn méjèèjì sì ń wo inú ọgbà náà, koríko gíga, òdòdó funfun díẹ̀, àwọn òkúta kéékèèké. Ó nàka sí èyí tó wà lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún. Dympna kà, Malachy ń dá a lóhùn. Ìdá kẹrin tán. Ìkarùn-ún tán. Malachy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó ṣì wà níbi tó fà á sí.

"Ó dúró," ló wí.

"Mo mọ̀ pé á dúró." Dympna fi ọwọ́ tó dára di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Malachy, o ṣeun."

"Ríìnì lásán ni, àti sílíńdà Packie."

"Mi ò sọ ti katakata. Ọjọ́ tó o gbé e wá síbí, ìwọ nìkan lo gbé e. O gbẹ́lẹ̀, o padà wá fún wàrà màlúù, mi ò sì bi ẹ́ léèrè rí bó ṣe rí lára ẹ. Òun ni mò ń dúpẹ́ ẹ̀."

Malachy sunkún, kò sì fi pamọ́. Nígbà tó tó, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí taya, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà ọ́ìlì, èyí tó sọ ọ́ di dúdú láti etí dé etí, ó sì rọra sọ ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè lọ jẹun.